Mo Kọ Ọ́ Pé Òjò Rọ̀ Lọ́jọ́ Tí Bàbá Káfíńtà Ṣubú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí èmi ò lè fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí a wá, òní sì ti di Ọjọ́bọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú, torí náà ẹ má wo bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe ni kẹ́ ẹ wò.

Iṣẹ́ mi ní sáìtì kò ju ìwé kan lọ. Nírọ̀lẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣíwọ́, màá ṣí i, màá kọ ọjọ́, màá kọ bóyá oòrùn ràn àbí òjò rọ̀, màá kọ orúkọ àwọn tó wá àti ohun tí wọ́n ṣe. Ojú ewé kan lójúmọ́. Àwọn bíríkìlà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń gbowó iṣẹ́ láìgbé ohun tó wúwo ju bíírò lọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló bá mi wá iṣẹ́ yẹn. Káfíńtà ni, òun ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Gbogbo sáìtì ń pè é ní Bàbá Káfíńtà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà ń pè mí ní Akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mò ń gbé, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí ìyàwó ẹ̀, Mọ̀mí, gbé máṣíìnì ìránṣọ sí. Orúkọ Bàbá ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí n tó kan ti ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi kàn ń lọ síbẹ̀ ni.

Ilé ìtọ́jú eyín là ń kọ́, alájà mẹ́ta. Dókítà eyín kan ló ni ín, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè rárá. Ọ̀gá wa ni agbaṣẹ́ṣe. Igba ọjọ́ ó lé ogójì ni wọ́n fún un nínú ìwé àdéhùn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí Ọ̀gá máa san fún Dókítà, wọ́n sì ti kọ iye yẹn sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó ìjáfara là ń pè é.

Àmọ́ ọjọ́ tí òjò bá dá iṣẹ́ dúró kò sí nínú ẹ̀. Òjò kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Tó bá wá jẹ́ pé àìbìkítà Ọ̀gá ló dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á kà á sí i lọ́rùn. Ibi tí gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù keje iṣẹ́ náà, pákó ìgùnkè kan dá sí méjì lábẹ́ Bàbá Káfíńtà. Pákó yẹn ti jẹrà. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ fún Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì pé kó ra tuntun. Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko làwọn òṣìṣẹ́ tó kù fi kọ̀, wọ́n láwọn ò gun òkè mọ́ àfi tí pákó tuntun bá dé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó ṣubú, wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàbá láti orúnkún.

Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé. Aago, pákó, orúkọ, gbogbo ẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ parí, a ti fi ọgọ́ta ọjọ́ pẹ́. Dókítà ní kí Ọ̀gá wá sanwó. Ọ̀gá ní òjò ni. Dókítà ní òjò wo. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn títí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n pe ẹnì kan tó mọ ìṣirò ilé kíkọ́, kó jókòó, kó ka ọjọ́ fún wọn, ohun tó bá sọ labẹ gé. Bàbá àgbà kan ni wọ́n mú. Oníṣirò ni màá máa pè é.

Kí Oníṣirò tó dé, Ọ̀gá pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan pé kí n wá bá òun ní kọ̀ńténà tó fi ṣe ọ́fíìsì.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní.

Kò pè mí lọ́mọ ẹ̀ rí. Ó ti ra mínírà tútù méjì sílẹ̀, fáànù kékeré ń fẹ́ sí wa lójú.

"Òjò mélòó ló wà nínú ìwé ẹ?"

"Mọ́kànlá, sà."

"Mọ́kànlá kéré."

"Bó ṣe rọ̀ nìyẹn, sà."

"Ṣé mo bá ẹ wí ni? Mo kàn ní ó kéré ni."

Ó fa ẹ̀rọ ìṣirò ẹ̀ sọ́dọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bíi pé ó ń dùn ún níka. "Ọgọ́ta ọjọ́ la fi pẹ́. Yọ mọ́kànlá, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta. Tí mo bá san owó ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, mo tán nìyẹn. Màá ta ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, màá ta ọkọ̀, kò ní tó. Tí òjò bá jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ńkọ́? Ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn, mo ṣì lè mí."

Mo ń mu mínírà mi.

"Ta ló ń san owó ilé ìwòsàn bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló ṣèlérí owó gbà-máà-bínú fún un?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Ó dáa. Tí Dókítà bá gbá gbogbo owó mi lọ, àpò ta ni màá ti mú un jáde? Tìẹ?"

Mo ní rárá.

"Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé kí n san owó ìdánwò ẹ. Ọmọ tó lọ́wọ́ ìwé báyìí. Kíláàsì kẹrin ò yẹ ẹ́ rárá."

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á. Inú mi dùn. Bó ṣe sọ pé mo lọ́wọ́ ìwé yẹn, ó dùn mọ́ mi ju mínírà lọ.

Ó mú ìwé tuntun jáde látinú dúróà. Irú ẹ̀ náà gan-an ni, awọ dúdú, ìlà búlúù. Ó ní kí n da gbogbo ẹ̀ kọ, kí n máa fi òjò sí àwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá fi bẹ́ẹ̀ lọ. Àsìkò òjò ṣáà ni, ta ló fẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀run? Òun fúnra ẹ̀ ló ń fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn ọjọ́ yẹn nínú ìwé àtijọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ọjọ́ tí yanrìn ò dé. Ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ iná pẹ́. Mo ń sọ wọ́n di òjò lọ.

Ìgbà tó ku mẹ́fà, mo rí ọjọ́ tó sàmì sí.

"Sà, ọjọ́ yìí ni Bàbá ṣubú."

"Mo mọ̀."

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé pákó dá."

"Ohun tó máa pa mí gan-an nìyẹn. Pákó mi ló dá. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ló kọ̀ láti gòkè. Ọjọ́ mẹ́fà odidi, orí mi ni wọ́n máa kà á sí." Ó fà súnmọ́ mi. "Ṣé iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ tó ṣubú yẹn?"

"Rárá, sà. Gbogbo wa la sáré tẹ̀ lé e."

"Iṣẹ́ dúró, àbí kò dúró?"

"Ó dúró."

"Tó o bá wá ní òjò ló dá a dúró, kí ló yí padà?"

"Àwọn adójútòfò tó yẹ kó sanwó jàǹbá ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́, sà? Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i pé ibi iṣẹ́ ló wà nígbà tó—"

"Ta ló gba fọ́ọ̀mù adójútòfò fún bàbá ẹ? Èmi ni. Ta ló gbé e lọ sílé ìwòsàn? Ọkọ̀ mi ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀?"

Mo mú bíírò. Mo kọ ọ́: *Òjò ńlá. Kò sẹ́ni tó wá síṣẹ́.* Mo tún un kọ nígbà márùn-ún sí i.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi da ìwé yẹn kọ. Kó lè yá, mo kọ́kọ́ kọ orí gbogbo ewé tí kò ní òjò sílẹ̀: ọjọ́, oòrùn, orúkọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń da ìyókù sí i. Mi ò padà kà á. Ó ti sú mi, ọrùn ti ń dùn mí, Ọ̀gá sì ń dúró.

Ìgbà tí mo parí, a mú ìwé àtijọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, a jù ú sínú agolo ọ̀dà tó ti ṣófo. Ọ̀gá fún mi ní ìṣáná. Èmi ni mo ṣá a.

Ní ilé, Bàbá ń fá igi kan tó fẹ́ fi ṣe ọ̀pá tuntun fún ara ẹ̀. Èyí tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn ń ta á lábíyá.

"Akọ̀wé, kí lẹ̀ ń ṣe ní sáìtì lọ́jọ́ ìsinmi? Ilé ti parí."

"Ìwé là ń tò, sà."

"Ṣé Ọ̀gá fún yín lóúnjẹ?"

"Ó ra mínírà."

"Mínírà nìkan?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ahun ni ọkùnrin yẹn. Mọ̀mí, bu oúnjẹ fún ọmọ yìí, ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀."

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó, yàrá ìsàlẹ̀ nílé ìtọ́jú eyín yẹn náà ni. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga tuntun ṣì wà lára wọn. Oníṣirò jókòó sídìí tábìlì, ìwé tuntun yẹn níwájú ẹ̀, pẹ́ńsù kan, ìrésà kan. Ó ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, kò sí wàhálà. Òjò yìí, ó fà á yọ. Òjò yẹn, ó fà á yọ. Ọ̀gá ń fi ẹsẹ̀ gbá tèmi lábẹ́ tábìlì, inú ẹ̀ ń dùn.

Lọ́jọ́ kejì náà ni Dókítà ní àtẹ̀gùn ilé pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe òjò ló fà á. Oníṣirò gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹni tó kan pákó àtẹ̀gùn yẹn, mo fẹ́ rí i lọ́la."

Mo rí bí ojú Ọ̀gá ṣe yí. Ìgbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fà mí lápá. "Bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀. Kó má mẹ́nu ba ìṣubú kankan. Àtẹ̀gùn ni wọ́n bi í, àtẹ̀gùn ni kó dáhùn."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lálẹ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ó di àárọ̀, bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ni mo tó ní, "Bàbá, ẹ rọra dáhùn ní ṣókí o."

"Ṣé wọ́n ń gbowó lórí ọ̀rọ̀ ni?" ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mọ̀mí ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ kan, ó fi píìnì mú un.

Wọ́n fún un lága. Oníṣirò kí i dáadáa, ó bi í pé ọjọ́ wo ló parí pákó àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ tí mo ṣubú ni ǹ bá parí ẹ̀, sà. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Ọjọ́bọ̀ ni. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé, ọjọ́ yẹn gba odidi ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Oníṣirò ṣí ìwé. Ó fi pẹ́ńsù wá ọjọ́ yẹn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwé yìí ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wá síṣẹ́."

"Wọ́n ṣì í kọ ni, sà," Bàbá ní. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. "Ẹni tó kọ ọ́ ló jókòó yẹn, ọmọ àbúrò mi ni. Òun gan-an ló gbé ẹsẹ̀ mi lé itan nínú ọkọ̀. Akọ̀wé, sọ fún wọn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀gá ò gbá mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo wá ibòmíì wò, mo wo ọ̀rá tó wà lára àga.

"Òjò rọ̀, sà," mo ní.

Ẹ̀rín Bàbá ò tètè kúrò. Ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ bíi pé kò tíì gbọ́.

"Kí lo wí?"

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Níbo wá ni mo ti ṣubú? Lórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Ọ̀gá dá sí i. "Ẹ máa wò ó, sà. Bàbá ti dàgbà, ìrora ò sì jẹ́ kó rántí nǹkan dáadáa. Àwọn káfíńtà yìí, ibi iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ ibòmíì ló ti ṣubú."

Ọ̀gá tó sọ fún mi pé òun máa tọ́jú ẹ̀. Ẹnu kan náà. Èmi tí mo jókòó tì í, mi ò lè sọ pé ibòmíì wo.

Oníṣirò fa ìwé sún mọ́ra. Ó ń ṣí ìwé lọ, ó ń rọra ṣí i, ewé kan, ewé kejì. Ó dúró.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ lò nílé ìwòsàn?"

"Méje, sà."

"Ẹ padà síṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀?"

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

"Ìwé yìí ní ẹ padà." Ó yí i, ó fi hàn wá. "Orúkọ yín rèé. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, ẹ wà níṣẹ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹ wà pẹ̀lú àwọn tó ń kan pákó lókè kẹta. Títí ilé fi parí, ẹ ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ń ṣáájú."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn Dókítà. Mo rí ọwọ́ mi. Mo rí bí mo ṣe ń kọ orí ewé lọ pẹrẹwu, ọjọ́, oòrùn, Bàbá Káfíńtà, ọjọ́, oòrùn, Bàbá Káfíńtà.

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n," Bàbá ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n gé e nìyẹn."

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́.

Oníṣirò bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ọmọdékùnrin, dìde. Ìgbà wo lo kọ ìwé yìí?"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹkún gbọ̀n mí. "Oṣù tó kọjá, sà. Irọ́ ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni."

"Ta ló ní kó o kọ ọ́?" Ọ̀gá ti dìde. "Ṣé ọwọ́ mi lo rí níbẹ̀? Ṣé mo mọ̀wé kọ tó ẹ?"

"Ìwé àkọ́kọ́ dà?" Oníṣirò bi mí.

"Wọ́n ti sun ún, sà."

"Ta ló sun ún?"

Mo wo Ọ̀gá. Ó ń wo àjà.

"Èmi ni."

Oníṣirò mú ìrésà. Gbogbo àmì pẹ́ńsù tó ti fi yọ òjò kúrò látọjọ́ kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ ẹ kúrò lórí ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mọ́kànlá nínú ẹ̀ jẹ́ òótọ́, sà, òjò rọ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ mọ́kànlá.

"Mọ́kànlá wo?" ó ní. Kò bínú. Ó kàn béèrè ni.

Mi ò rántí wọn tán.

Ọgọ́ta ọjọ́ ló kà sí Ọ̀gá lọ́rùn, kò dín kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá ti ta ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, àgádágodo wà lẹ́nu kọ̀ńténà, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Owó ilé ìwòsàn tó kù dúró síbẹ̀. Owó gbà-máà-bínú tó ṣèlérí, ta lẹ fẹ́ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ó wá ku àwọn adójútòfò nìkan. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrètí ilé wa wà. Bàbá ò bá mi jà. Lọ́jọ́ tí irọ́ yẹn tú, awakọ̀ Dókítà ló gbé e délé, èmi fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà tí mo wọlé, Mọ̀mí ń ránṣọ, kò gbójú sókè. Oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, wọ́n dé e. Tí wọ́n bá fi abọ́ yẹn lù mí, ì bá sàn.

Màmá mi gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Lẹ́tà àwọn adójútòfò dé. Èmi náà ni mo kà á fún Bàbá, torí ìwé ò yé e tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò san. Ẹ̀dà ìwé sáìtì tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ kí gbogbo ẹ̀ tó tú, ó ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìwé yẹn fi hàn pé kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tó ní òun ṣubú, ó sì tún fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ lásìkò tó ní òun ò lè dìde. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ẹbí ẹ̀, inú ilé kan náà là ń gbé. Wọ́n ní ó jọ pé a jọ mọ̀ sí i.

"Kà á síwájú," Bàbá ní.

"Ó ti parí, sà."

"A jọ mọ̀ sí i," ó ní. Ó ń fọwọ́ ra orúnkún ẹ̀. "Èmi àti ìwọ."

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láti mínírà dé ìṣáná. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá tẹ́ ìwé síwájú mi.

"Ọwọ́ ta rèé?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ohun tó o kọ ni kí n gbà gbọ́, àbí ohun tó ò ń sọ?"

Mo ní ohun tí mò ń sọ.

"Ọ̀la ńkọ́? Tí ẹlòmíì bá tún ra mínírà fún ẹ?"

Mo lọ wá àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fọ́n ká sí sáìtì míì. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà, ẹni tó gbé Bàbá nílẹ̀ pẹ̀lú mi, kò sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. "Akọ̀wé, má fi tèmi kún un o. Ìwé tí orúkọ mi ò bá sí nínú ẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn." Ilé ìwòsàn ní àwọn kọ ọ́ pé ó ṣubú, àwọn ò kọ ibi tó ti ṣubú.

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn nígbà mẹ́ta. Ìgbà kẹta, bóyá àánú ló ṣe é, bóyá mo ti sú u, ó fún mi ní bébà kan. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù nìyí. Kí Bàbá fọwọ́ sí i pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ìwé èké yẹn, pé èmi nìkan ni mo ṣe é, pé òun sì fà mí lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Tó bá fọwọ́ sí i, kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́ Ajé. Ọlọ́pàá á wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ máa sanwó fún un, mà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. A máa tún fáìlì ẹ̀ ṣí ni."

Mo mú bébà yẹn délé. Mo kà á fún wọn. Ẹsẹ̀ Mọ̀mí dúró lórí máṣíìnì.

"Ẹ fọwọ́ sí i," mo ní.

"Pa ẹnu ẹ dé," Bàbá ní.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bébà yẹn fi wà lórí máṣíìnì, lábẹ́ sísọ́ọ̀sì. Mọ̀mí ń ránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn nínú yàrá, ohùn Mọ̀mí ló ń lọ sókè, ti Bàbá kì í jáde. Lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ Mọ̀mí, ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n tèmi ńkọ́, tó bá jẹ́ òun ni, ṣé ẹ máa rò ó tó báyìí? Ilé yìí ò ní owó oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀." Òótọ́ ló ń sọ. Mo fẹ́ wọlé lọ gbè é lẹ́yìn, àmọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi ni mo pa dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n gbé ìwé kan lé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ó lè dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ta ló ń kà á? Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ọjọ́ kan á dé tí ẹsẹ̀ ẹnì kan á wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní sí ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lé. Mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣàánú mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá pè mí. Bébà ti wà lórí itan ẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí ẹ̀ wọ́, ó jáde kúrò lórí ìlà. Kò wò mí.

"Ẹ ṣeun, sà," mo ní. Mi ò mọ ohun míì tí wọ́n máa ń sọ.

Ó ká bébà sí méjì, ó fi sápò ṣẹ́ẹ̀tì.

"Aago mélòó ni wọ́n ní?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Ibẹ̀ jìnnà síbi tí ọkọ̀ ń dúró."

"Ó jìnnà díẹ̀."

Ọ̀pá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó fúnra ẹ̀ ṣe ti sán láàárín, kò gbé e mọ́.

"Wá tètè jí lọ́jọ́ náà," ó ní. "Èjìká ẹ ni màá dì mú dé ibẹ̀. Mi ò ní ẹlòmíì."